Eérú Màmá Filomẹ́nà

Inú ilé kan náà ni èmi àti Màmá Filomẹ́nà ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ààrò kan náà la sì jọ ń dáná sí. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, bí Fádà ṣe fi eérú sàmì sí wa níwájú orí tán, obìnrin yìí dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń pariwo pé òun ò ní fẹnu kan ẹran títí di Àjíǹde. Ta ló bi í?

Kí n tó rìn dé Tinúbú, òógùn ti fọ eérú tèmi dànù. Tiẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó tún dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn aláìmọ̀kan ń kí i pé, "Màmá, ẹ mà kú ìfọkànsìn o!"

Ìfọkànsìn wo? Níṣojú mi láàárọ̀ Ẹtì yẹn ló sun ẹran ewúrẹ́ lórí ààrò wa. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó wá ti ìka bọ eérú tí ọ̀rá ẹran ti kán sí, ó fi kun iwájú orí. Alágàbàgebè!

Nírọ̀lẹ́, a kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú. Eṣinṣin kan bà lé eérú náà. Màmá fọwọ́ lé e. Méjì dé, mẹ́rin tẹ̀ lé wọn. Gbogbo èèyàn ń wò ó.

"Sàtánì ló ń dán mi wò," ló ń kùn.

Mo sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹ má purọ́ mọ́ Sàtánì, Màmá. Eṣinṣin ò mọ Lẹ́ńtì, ẹran ló mọ̀."