Ọjọ́ Orí Àjàrà Anselme

Ní abúlé wa ní Beaujolais, nílẹ̀ Faransé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Anselme Gaudet máa ń purọ́ ọjọ́ orí. Ti àjàrà ẹ̀ ni mo ń wí. Òfin ò sọ iye ọdún tí igi àjàrà gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó kọ "igi àgbà" sára ìgò ọtí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún kan, ó ní àwọn igi òkè ẹ̀yìnkùlé òun ti pé àádọ́rin ọdún. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti pé ọgọ́rùn-ún.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo lọ gba àkàbà mi lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì bá Ọ̀gbẹ́ni Verhaeghe níbẹ̀, onísọ́ọ̀bù ọtí kan láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ìyá Anselme, Màmá Honorine, jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń bó àlùbọ́sà.

"Ìyá ìyá mi ló gbin igi wọ̀nyí, ọ̀gá," ni Anselme ń wí. "Ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé!"

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Màmá. "Ta ló gbìn ín?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òwò la—"

"Mo ní ta ló gbìn ín? Ṣebí èmi yìí ni! Oyún ẹ wà nínú mi, mo ń gbin ọ̀kan, mo ń bì, mo ń gbin ìkejì! Tó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, mélòó lèmi wá pé? Àbí òkú lò ń bá gbélé?"

Anselme pọ́n bí tòmátì. Àlejò rẹ́rìn-ín títí, ó wá bi Màmá bóyá ọjọ́ orí igi tiẹ̀ ń ṣe nǹkan kan sí ọtí.

"Ó ń ṣe é o. Ẹ wo àwọn igi ọmọdé ìsàlẹ̀ yẹn, ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Wọ́n ń so wọ̀ǹtìwọnti, ọtí wọn wá dà bí omi. Àwọn tèmi lókè yìí, díẹ̀ ni wọ́n ń so, èso wọn ò sì tóbi, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò ná. Lọ́dún tí ọ̀dá dá, ewé àwọn ọmọdé rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Tèmi ò mira. Gbòǹgbò wọn ti lọ bá omi nísàlẹ̀ àpáta."

Ó bu ọtí méjèèjì fún un. Ọkùnrin náà tọ́ ti ìsàlẹ̀ wò, ó ní kò burú. Ó tọ́ ti òkè, ó tún na ife.

"Èyí ni mo fẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá, èwo lẹ̀ ń mu?"

"Ti ìsàlẹ̀. Ti òkè máa ń jẹ́ kí n sùn sídìí oúnjẹ."

Ó ra gbogbo ti òkè, àmọ́ ó ní àfi kí wọ́n kọ òótọ́ Màmá sára ìgò: "Honorine Gaudet ló gbìn ín lọ́dún mẹ́tàléláàádọ́ta sẹ́yìn, nígbà tó lóyún Anselme." Anselme bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ oyún kúrò. A ò mọ ohun tó ń lé e.

Clotilde, oníbúrẹ́dì oríta tí Anselme ń dẹnu ìfẹ́ kọ láti ìgbà òtútù, ló jẹ́ ká mọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ìgò náà jáde, ó wọlé bá Anselme nídìí oúnjẹ pẹ̀lú ọ̀kan lábíyá.

"Anselme, ọmọ ọdún mélòó lo pe ara ẹ fún mi?"

"Márùndínláàádọ́ta," ni Anselme wí.

"Ṣé ọdún mẹ́jọ ni ìyá ẹ wá fi lóyún ẹ ni?"

"Oṣù mẹ́sàn-án ni o!" Màmá ké láti ilé ìdáná. "Ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù!"

Clotilde fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó jókòó, Màmá sì bu ẹran ehoro fún un.

"Irọ́ tó kù ńkọ́?" ló bi Anselme. "Sọ gbogbo ẹ̀ tán kí n tó jẹun."

Anselme gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé aró lòun fi ń pa irùngbọ̀n òun.

"Ìyẹn, gbogbo abúlé mọ̀," ni Clotilde wí, ó sì kọjú sí oúnjẹ. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó.