Owo Tí Kò Ní Àmì

Èmi kì í ṣe oníjà o. Ẹni tó bá bá mi jà ni mo máa ń bá jà, àwọn ímeèlì yẹn ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ, ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù lórí ìdì aṣọ. Orí fóònù yẹn làwọn oníbàárà ti ń kọ̀wé sí mi. Àmọ́ tó bá ti dún báyìí, tí mo sáré gbé e, kí ni n ó bá? "E ku oriire, owo nla n duro de yin." Owó ìran ta ni? Ẹ ò mọ̀ mí, mi ò mọ̀ yín, owó wo ló ń dúró dè mí? Lọ́jọ́ kan, ibi tí mo ti yíjú wò ó ni abẹ́rẹ́ ti gún mi níka. Mo ṣépè títí kan ẹni tó ṣe fóònù.

Kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ká ní a ò retí ìròyìn. Káfíńtà lọkọ mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀, kò lè di òòlù mú mọ́. Tó bá gbé ife, ife á já bọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí iṣan rẹ̀ tó bà jẹ́ pátápátá, àti pé ilé ìwòsàn á fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí ímeèlì wa. Ímeèlì wa wo? Tèmi yìí náà ni gbogbo ilé ń lò.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ kan, yà kí wa, ó bá mi níbi tí mo ti ń bá fóònù wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi fóònù sílẹ̀, kò ṣẹ̀ yín. Inú sáfà la ti máa dá wọn dúró."

"Kí ló ń jẹ́ sáfà?"

"Ẹ̀rọ ńlá tó ń kọ́kọ́ gba lẹ́tà yín kó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù. A máa fi asẹ́ sí i lẹ́nu. Èyí tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ á dúró sọ́hùn-ún, kò ní í dé fóònù rárá. Bí fóònù tiẹ̀ kú, asẹ́ á máa ṣiṣẹ́."

"Kó dà wọ́n síná!"

"Ó tì o. Àpótí ọ̀tọ̀ la máa ní kó kó wọn sí, ká lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Asẹ́ máa ń ṣèèṣì di ohun tó dáa mú."

Ó fi bí wọ́n ṣe ń kọ òfin fún sáfà hàn mí. Ó ní kí n má fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣòfin, kí n máa kọ àdírẹ́sì ẹni tó ń dà mí láàmú. Mo ní mo ti gbọ́. Kò tíì jáde tán tí mo fi kọ tèmi: lẹ́tà tí "owo" bá ti wà nínú rẹ̀, mi ò fẹ́ rí i.

Ẹ wá wo ìsinmi! Fóònù dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Mo ń ránṣọ, mo ń kọrin.

Àmọ́ ilé ìwòsàn náà dákẹ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kan ìṣó, ó ń gbá ara rẹ̀ níka. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bá a de bọ́tìnnì, ó kàn ní, "Bóyá wọ́n ti gbàgbé mi ni." Ó dùn mí wọra. Mo gbé fóònù, mo pe ilé ìwòsàn, mo ti múra ìjà.

"Màmá, ó pẹ́ tá a ti kọ̀wé sí yín," ni obìnrin tó gbé e wí. "Inú lẹ́tà yẹn lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà. Tí a ò bá rí èsì títí ọ̀sán yìí, ẹlòmíràn la máa fún láyè."

Ìjà tán lẹ́nu mi. Mo wá gbogbo inú fóònù, kò sí lẹ́tà. Mo pe àbúrò mi.

"Òfin wo lẹ kọ?"

"Owo."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fi àmì sí i?"

"Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù?"

"Kò sẹ́nì kankan! Sáfà ò gbọ́ ohùn o. Owó ni o, ọwọ́ ni o, òwò ni o, ọ̀wọ̀ ni o, bí a ò bá ti fi àmì sí i, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀."

Yéè! Iṣẹ́ abẹ ọwọ́! Pàkúté tí mo dẹ fún eku ti mú adìyẹ mi.

"Ṣé ó ti dà á nù?"

"Ṣé mo jẹ́ kẹ́ ẹ dà á síná ni? Ẹ ṣí àpótí ọ̀tọ̀."

Mo ṣí i. Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń bínú pé "owo ewu mi gun ju." Àna mi wà níbẹ̀, ó kí mi "pelu owo." Láàárín àwọn onírọ́ ni mo ti rí i: "Ise abe owo oko yin." Mo tẹ̀ ẹ́ pé a gbà. Kò pẹ́ tí èsì dé pé àyè ọkọ mi ṣì wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, mo mí kanlẹ̀. Ara tù mí.

Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Nítorí owó tí kò sí, o fẹ́ kí n pàdánù ọwọ́ tó wà!"

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún. Mo pa òfin mi rẹ́, àbúrò mi wá kọ èyí tó dáa.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí fóònù dún. Ọkọ mi ló fi fóònù àbúrò mi, tó lọ kí i, kọ̀wé láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn:

"Ìyàwó mi, ọwọ́ ti ń gbọ́ràn. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni mo fi tẹ èyí. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀, kí asẹ́ rẹ má baà gbé mi lọ."

Ẹni tó bá ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí lórí fóònù ló mọ ìyà rẹ̀: wàá tẹ fáwẹ́lì mọ́lẹ̀, wàá dúró, wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yan àmì. Ìka tí kò lè di ife mú ló ṣe gbogbo ìyẹn. Mo gbé fóònù mọ́ àyà, mo bú sẹ́kún ayọ̀.

Oníbàárà kan tó ń wọlé bọ̀ yanu. "Aránṣọ, kí ló dé? Ṣé owó ló wọlé ni?"

"Ọwọ́ ni," mo ní. "Ọwọ́ ni o!"