Ìgò Tó Ń Hó Lẹ́sẹ̀ Bẹ́ẹ̀dì

Kí ẹlòmíràn tó ròyìn mi fún yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni arúgbó tó pariwo ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin débi pé bàbá kan tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìde fò dìde. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń bá ọkọ mi, fọkanáísà tó ń lẹ táyà, gbélé. Ó yẹ kí n mọ̀. N kò mọ̀.

Kókó kan ni wọ́n gé kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ wá sínú ìgò olómi tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá ti mí, omi inú ìgò á máa hó, pọ́kọ́ pọ́kọ́. Inú mi dùn. Mo ní èémí ọkọ mi nìyẹn, ó ń ta ayò nínú omi.

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, ọmọdébìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti ṣàlàyé lọ́jọ́ kìíní. Ó ní àwọn rán ojú ibi tí wọ́n gé, àwọn sì fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún inú ara dí i kí afẹ́fẹ́ má baà máa jò. Ó ní nígbà mìíràn ó ṣì máa ń jò díẹ̀. Bí kò bá tíì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ karùn-ún, ó ṣeé ṣe kí àwọn tún là á. Ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní tèmi, bí mo ti gbọ́ “tún là á,” etí mi di pa.

Ohun tí mo pinnu ni pé wọn kò ní tún là á níṣojú mi. Màá jẹ́ kí wọ́n rí i pé ara rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ ni mo fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ kí ìgò yẹn lè máa hó. Màá dẹ́rìn-ín pa ọkọ mi; bó bá rẹ́rìn-ín, á wúkọ́; bó bá wúkọ́, ìgò á hó bí ìkòkò orí iná. Màá pe ọmọ wa obìnrin lórí fídíò, màá gbé fóònù sún mọ́ ìgò.

“Wo bàbá ẹ, wo bí wọ́n ṣe ń hó.”

“Màmá, ojú bàbá ni mo fẹ́ rí.”

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbé fúláàsì tíì wọlé. Ọkọ mi dijú. Mo wo ìgò. Omi náà dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú ife. Fúláàsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ki ìgò mọ́lẹ̀, mo gbé e sókè, mo ń mì ín, mo sì fi igbe ta.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. “Màmá, ẹ gbé e sílẹ̀. Wọn kì í gbé e ga báyẹn, omi á padà sínú àyà wọn.”

“Wọ́n ti lọ, ọmọ mi. Kò hó mọ́.”

Ọkọ mi la ojú kan. “Ta ló lọ?”

Mo gbé ìgò sílẹ̀, mo jókòó sórí tíì tó dà sílẹ̀. Gbígbóná ni.

“Ìyá wọn,” ni ọkọ mi wí, “bí mo bá ki túùbù táyà bọ inú bàsíà omi, tí omi ń hó, kí ni mo máa ń sọ fún oníbàárà?”

“Ẹ máa ń ní ó ti jò.”

“Tí mo bá lẹ̀ ẹ́ tán, tí kò hó mọ́ ńkọ́?”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

“Ẹ ti mọ̀ pé jíjò ló ń jò, ẹ wá ń wò mí kí n máa mú yín wúkọ́,” ni mo wí. “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ń yọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mo ní ó dáa kí ẹnì kan máa yọ̀ nínú àwa méjèèjì.”

Dókítà dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgò. “Bàbá, ẹ wúkọ́.” Ó wúkọ́. Omi náà gòkè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò hó. “Ẹ tún wúkọ́, kó le.” Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Kò hó.

“Ó ti dí,” ni dókítà wí. “A ò ní là yín mọ́. Bí fọ́tò àyà bá dáa, a ó yọ rọ́bà lọ́la.”

Èémí tí mo mí jáde, táyà lọ́rì ni.

“Dókítà,” ni ọkọ mi wí, “kẹ́ ẹ tó fi gọ́ọ̀mù yín sí i, ṣé ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì ha ojú ibẹ̀, bí a ṣe ń ha túùbù?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín ọmọ náà. “Rárá, bàbá. A kì í ha ẹ̀dọ̀fóró.”

“Ó mú, ṣá. Iṣẹ́ yín dáa.”

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wá nǹkan nu tíì nílẹ̀. Ọkọ mi ń wò mí láti orí ìrọ̀rí.

“Ìyá wọn, bó o ṣe máa ké nìyẹn, bí mo bá lọ lóòótọ́?”