Ẹrù Síkírù Nínú Búùtù

Ẹ má dá mi lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu mi. Èmi Mùtíátù ni mo da iyẹ̀pẹ̀ ọkọ mi nù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á, inú ló sì ń bí mi lọ́jọ́ náà.

Àpò ìrẹsì mẹ́rin ni iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún wà. Síkírù fúnra rẹ̀ ló rọ wọ́n kún, ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu wọn, ó sì tò wọ́n sínú búùtù jíípù wa. Gbogbo ìgbà òtútù tí a lò ní Downsview lókè òkun níbí, wọn kì í kúrò níbẹ̀ títí yìnyín á fi yọ́. Bí mo bá bi í pé kí ló ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá Àyọ̀ká, ẹrù ló ń mú ọkọ̀ yìí rìn.” Mo rò pé àwàdà rẹ̀ náà ni. Ṣé jíípù kọ́ ni? Nílé, bí èèyàn bá ti ra ọkọ̀ gíga báyìí, gbogbo àdúgbò ti gbà pé kò sí ibi tí kò lè dé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mi ò wádìí.

Síkírù kú nínú oṣù kẹjọ. Ọjọ́ kan péré ló fi ṣàìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ débẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alhaji Gàníyù, bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí láti Ìsẹ́yìn. Ẹbí fẹ́ pín aṣọ olóògbé bó ṣe yẹ, àwọn àbúrò rẹ̀ ń retí. Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, mi ò bá wọn jà. Mo ra dúrọ́ọ̀mù ńlá kan, mo kó aṣọ Síkírù sí i, mo kó bàtà rẹ̀ sí i, mo sì kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ lé e, torí mẹkáníìkì ni. Mo fi ọṣẹ àti ìrẹsì dí ààyè tó kù, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe bí a bá ń fi ẹrù ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó, mo ṣí búùtù, àpò iyẹ̀pẹ̀ tí Síkírù kò ráàyè kó kúrò lẹ́yìn òtútù tó kọjá ló kí mi káàbọ̀.

Orí mi gbóná. Mo ní, “Síkírù, o lọ, o fi mí sílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ wá ni ogún tí o fi sílẹ̀ fún mi?” Mo fi ọ̀bẹ ya àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo ṣe tán, mi ò lè gbé dúrọ́ọ̀mù yẹn jáde mọ́. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn. Ọkàn mi ni kò gbà. Láti ọjọ́ náà ló ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kí i. Bí Alhaji bá pè, mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ó wá di ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù kìíní. Yìnyín ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé tó kọjú sí tèmi ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú funfun náà, igi ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló kù. Gbogbo Downsview dákẹ́. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń mu tíì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mi ò tíì jí. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

Àyọ̀ká ni, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Newmarket, ìlú kejì, tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́lé.

“Mummy, omi ti já. Aládùúgbò wa ló gbé mi dé hospital.”

“Jùwọ́n ńkọ́?” Ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

“He's still in Pickering. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí shift ni, wọ́n sì ti ti ọ̀nà 401 pa. Mummy, èmi nìkan ni mo wà níbí. You promised.”

Mo ṣèlérí lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí mo bí Àyọ̀ká fúnra rẹ̀, Síkírù wà lẹ́nu ìrìn àjò, ìyá mi ti kú. Irin bẹ́ẹ̀dì ni mo dì mú. Mo ti búra pé ọmọ tèmi kò ní di irin mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ló wà lọ́jà ọmọ mi lónìí bí kò ṣe èmi?

Mo pe takisí mẹ́ta, kò sí èyí tó fẹ́ gbọ́ Newmarket sétí. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo mú kọ́kọ́rọ́ jíípù. Síkírù ló máa ń wà á bí òtútù bá dé, èmi kì í wà á ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ibi tí a ń gbé e sí rẹlẹ̀ ju títì lọ, ó ní láti gun òkè díẹ̀ kó tó jáde. Mo tẹ iná. Táyà ń yí lójú kan, ìdí ọkọ̀ ń jó lọ sọ́tùn-ún, ó ń jó lọ sósì, a ò kúrò níbi tí a wà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Mo bú jíípù, mo bú ẹni tó tà á, mo bú yìnyín. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rí ọmọ mi lójú ọkàn mi, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tó máa dì mú.

Rayyan, aládùúgbò wa tí òun àti Síkírù jọ máa ń lọ kírun Jímọ̀, jáde tòun ti ṣọ́bìrì. Ó wo táyà, ó ṣí búùtù, ó sì yíjú sí mi. Ó bi mí lédè Òyìnbó pé àwọn àpò Síkírù dà.

Mo ní mo ti dà wọ́n nù.

“Ha, sister.” Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ yìí lọ, ti iwájú kò ṣe nǹkankan ju kó yà lọ. Bí ẹ̀yìn bá fúyẹ́, táyà kò ní lè di ilẹ̀ mú. Ó ní gbogbo ọdún ni òun àti Síkírù jọ ń gbé àwọn àpò yẹn.

Láìláà! Mo mọ̀ ọ́n! Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Síkírù, tó ń wa píkọ́ọ̀pù lọ́nà oko, bí ẹrọ̀fọ̀ bá mú wa, òun náà ló máa ń pariwo pé, “Ẹ bọ́ sẹ́yìn! Gbogbo yín, ẹ gun ẹ̀yìn ọkọ̀!” Àwa èrò á gun ẹ̀yìn, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ara wa, ọkọ̀ á sì jáde. Mo ti fi ìdí ara mi ṣe iyẹ̀pẹ̀ rí! Ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé, iyẹ̀pẹ̀ ti dì gbagidi bí òkúta lábẹ́ yìnyín. Ṣọ́bìrì kò ràn án.

Mo padà wọlé, mo dúró níwájú dúrọ́ọ̀mù. Mo ní, “Síkírù, dìde, ọmọ rẹ ń rọbí.”

Èmi, Rayyan àti ìyàwó rẹ̀ la yí i jáde, a fi pákó tì í gun búùtù, Rayyan sì fi okùn dè é mọ́lẹ̀. Ìdí jíípù rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo rọra tẹ iná, bí ẹni ń tẹ ẹsẹ̀ ọmọ tó sùn. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó rò ó wò, ó gun òkè bọ́ sí títì. Rayyan ń pariwo àlùbáríkà lẹ́yìn mi.

Ojú ọ̀nà 400 kò jọ ọ̀nà tí mo mọ̀. Kò sí ilà, kò sí etí ọ̀nà. Ọ̀run àti ilẹ̀ ti di aṣọ kan náà, iná pupa ọkọ̀ iwájú mi ń léfòó nínú rẹ̀, mo ń tẹ̀lé e. Mi ò gbọ́ ìró táyà. Ooru ọkọ̀ ti bá aṣọ inú dúrọ́ọ̀mù, òórùn káfúrà àti lọ́fíńdà Síkírù rọra ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó yí mi ká. Mi ò wẹ̀yìn wò. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé mo bínú sí i, pé ó yá jù, pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń san owó iná lórí fóònù títí di ìsinsìnyí. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí iyẹ̀pẹ̀. Yìnyín ń wá bá gíláàsì, ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń lọ. Mi ò mọ̀ bóyá wákàtí kan ni tàbí méjì.

Níbi tí mo ti fẹ́ yà sí títì Davis, ìdí ọkọ̀ sá lọ sọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ fò lé bíréèkì. Mo gbọ́ ohùn Síkírù kedere, mo fi Ọlọ́run búra: “Má tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìdí rẹ̀ ń lọ ni kí o yí ọwọ́ sí.” Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo yí sítíárì sọ́tùn-ún. Ẹrù ẹ̀yìn mi fà mí bọ̀ sípò jẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo wọ yàrá Àyọ̀ká, irin bẹ́ẹ̀dì ló dì mú. Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo fi sínú tèmi. Ó ní, “Mummy, your hands are freezing,” ó sì bú sẹ́kún. Ó fún ọwọ́ mi títí egungun fi ń dún. Ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, ó bí obìnrin.

Ọmọ ṣì wà láyà rẹ̀ nígbà tí Alhaji pè. Mo ti ní kí n má gbé e, mo gbé e.

“Mùtíátù, ẹrù àbúrò mi ńkọ́? Ó ti tó oṣù mélòó báyìí?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ gbogbo ẹbí,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ ná. Síkírù ò tíì ráàyè, òun ló gbé mi wá síbi ìkúnlẹ̀ Àyọ̀ká lónìí.”

Ọmọ tuntun ké. Mo gbọ́ tí àgbà ọkùnrin náà fa ikun.

“Sọ fún un,” ni Alhaji wí, “kó rọra máa wà á.”