Fèrèsé Tí Reino Tì

Gbogbo apẹja ti fa ahéré wọn kúrò lórí adágún, nítorí oòrùn ti ń yọ́ omi rẹ̀ tó dì bí òkúta. Ti Reino nìkan ló kù, ahéré pákó kékeré tó fi ń pẹja nígbà òtútù. Aili, ìyàwó rẹ̀, dúró létí omi pẹ̀lú Màmá Lempi, ìyá ọkọ rẹ̀.

Aili ló kúkú fà á. Àná ló ń sunkún pé, "Reino, ìyá rẹ ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí! Yàrá kan péré tó ní ìlẹ̀kùn tiwa, ayọ̀ mi á kún." Òwúrọ̀ yìí ni ọkọ rẹ̀ wa mọ́tò lọ sórí omi dídì náà, kó lè fa ahéré náà wá sẹ́yìn ilé, kó di yàrá wọn.

"Ọmọ mi ò gbọ́n," ni Màmá Lempi wí. "Ìwọ náà ò sì sàn jù ú lọ."

Mọ́tò yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń rákò, ahéré ń tẹ̀ lé e. Ni Aili bá pè é lórí fóònù.

"Olólùfẹ́ mi, rọra o!"

"Kí lo wí? Atẹ́gùn ń pariwo. Dúró ná." Ariwo náà dákẹ́ lójijì. "Ẹn-ẹ́n, mo ti ń gbọ́ ẹ. Ohùn ẹ mà dùn o."

Aili tẹ fóònù mọ́ etí. Ọmọdé etí adágún pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá wa mọ́tò lórí omi dídì kì í ti fèrèsé, kì í de bẹ́líìtì, kó lè ríbi jáde bí omi náà bá là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Reino, ṣé o ti fèrèsé ni?"

"Kí n lè gbọ́ ẹ ni."

"Ṣí i! Ṣí i kíá! Tú ahéré yẹn sílẹ̀!"

"Yàrá wa ńkọ́?"

"N ò ṣe yàrá mọ́! Kí màmá ẹ máa gbọ́ mímí mi títí ayé!"

"Mo ti ń dí etí mi tipẹ́," ni Màmá Lempi wí, àmọ́ ó fa ọwọ́ Aili mọ́ra.

Omi dídì kérora láti òkèèrè. Reino bẹ́ sílẹ̀, ó tú ìkọ́ tó so ahéré mọ́ ọkọ̀, ó padà sídìí ọkọ̀, ó wà á bọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn rẹ̀, ahéré náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku òrùlé.

Bí táyà ṣe kan ilẹ̀, Aili ti sáré débẹ̀. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó di ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú pinpin.

"Jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn ná, ayọ̀ mi."

Kò jẹ́. Màmá Lempi kẹ̀yìn sí wọn, ó fi ìka dí etí méjèèjì.