Hallúma Méjì, Ìwé Ìbí Kan

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí Nasíha ti ń tọ́jú ìwé ìbí àti ìwé ikú ní ìlú Gábẹ́s. Ó rò pé kò sí ohun tí etí òun kò tíì gbọ́, àfi ìgbà tí ìyá arúgbó kan dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó gbé ìwé ìbí ara rẹ̀ kalẹ̀, tó ní ìwé ikú lòun ń wá.

"Ikú ta ni, màmá?"

"Hallúma, ọmọ Sálẹ́mù."

Nasíha wo ìwé ìbí náà. Orúkọ yẹn gan-an ló wà níbẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí ni?"

"Èmi ni. Òun náà ni." Ìyá náà jókòó. Ó ní ọmọ kan ti wà ṣáájú òun, ibà ló pa á. Nígbà tí wọ́n bí òun, bàbá wọn, tó ń hun ẹní, kò lọ forúkọ sílẹ̀ mọ́; ìwé ọmọ tó kú kúkú ti wà nílé, wọ́n sì fi orúkọ àti ìwé náà fún òun. "Wọ́n fi ọdún mẹ́ta lé ọjọ́ orí mi. Èmi ni mo kéré jù ní kíláàsì, tíṣà ń pè mí ní aràrá."

Nasíha rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ní sí nínú ìwé ikú, nítorí bàbá wọn kò sọ fún ìjọba pé ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbẹ́ sàréè láyé ìgbà yẹn ní ìwé tiwọn. Ọjọ́ méjì ló fi rọra ń ṣí ewé ìwé náà tí ikán ti jẹ létí.

Nígbà tí ìyá náà padà dé, Nasíha ka ohun tó rí fún un: "Ọmọbìnrin Sálẹ́mù tó ń hun ẹní. Ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, nídìí igi ọ̀pọ̀tọ́."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọn ò kọ ọ́."

"Bá mi kọ ọ́ sí i, ọmọ mi."

"Mi ò lè fi nǹkan kan kún ìwé àtijọ́, màmá. Tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ló tún máa gbà á gbọ́? Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀, màá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ojú kan náà la ó sì jọ tọ́jú wọn sí."

Wọ́n kọ Hallúma. Nasíha wá béèrè pé: "Kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?"

Ìyá náà, tí àwọn àbúrò rẹ̀ márùn-ún ń pè ní ẹ̀gbọ́n àgbà, na ìka sí fọ́ọ̀mù náà. "Kọ àbúrò," ó ní. "Kà á sí mi létí."

Nasíha kà á. Ìyá náà ká ẹ̀dà ìwé náà sínú àpò, ó ní òun fẹ́ tètè dé itẹ́ òkú kí oòrùn tó mú.