Ọ̀dà Géètì

Èyítọ́pẹ́ jókòó gbọnin lé orí àpò sìmẹ́ńtì níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní New Benin, ó sì ní òun ò ní dìde. Àwọn oníbàárà ń yà fún un kọjá. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fun fèrè. Kò mira.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, má dójú tì mí lọ́jà," ni Akínfẹ́mi ń wí lábẹ́lẹ̀. "Ọ̀sán òní lo fẹ́ gba Èkó lọ wọ bàálù. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wá, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ fi ibi tí ẹ sin ọmọ mi sí hàn mí."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọn kì í fi han ìyá. Wọn kì í fi han bàbá. Èèwọ̀ ni."

Èèwọ̀! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dí i lẹ́nu nìyẹn látọjọ́ tí ibà ti pa Ìdùnnú, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ọkùnrin gbé e jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí bàbá àti ìyá dúró nílé. Àtìgbà náà ni kò ti sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Ìdùnnú mọ́. Ó di "Nọ́ọ̀sì" lẹ́nu gbogbo wọn, títí kan Ọláyọdé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ọmọ kankan ò fìgbà kan sáré kọjá nínú ilé yẹn. Nígbà tí ìjọ wọn wá ń wá nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí bíi tirẹ̀ tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Màláwì fún ọdún méjì, kíá ló forúkọ sílẹ̀. Inú ìjọ dùn. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ní aláàánú obìnrin ni. Àánú wo? Ilé ló sú u.

"Bọ̀ọ̀dá, mo lè kú sọ́hùn-ún," ó ní. "Ṣé bí mo ṣe máa lọ nìyẹn, tí mi ò ní mọ ibi tí mo fi ọmọ mi sílẹ̀ sí?"

Akínfẹ́mi mí kanlẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Má jẹ́ kí Ọláyọdé gbọ́ o. Òun gan-an ò mọ ibẹ̀."

Ọ̀nà Ekiadolor ni ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ wọn wà, lẹ́yìn oko gbágùúdá kan. Igbó ti bo ọ̀pọ̀ sàréè mọ́lẹ̀. Akínfẹ́mi ń fẹsẹ̀ la koríko, ó ń wá igi ọ̀pẹ kan tó fi ṣàmì lọ́jọ́sí. Àyà Èyítọ́pẹ́ ń já pé kò ní rí i. Akínfẹ́mi rí i. Àmọ́ ṣe ló dúró gbagidi.

Igbó ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti ro gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní, ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ṣì tutù. Búlọ́ọ̀kù kéékèèké yí sàréè kékeré náà ká, wọ́n sì kùn wọ́n ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé.

"Èmi kọ́ o!" ni Akínfẹ́mi sáré wí. "Mi ò débí mọ́ látọjọ́ náà. Àfi tó bá jẹ́ pé alàgbà tá a jọ wá ló..."

Èyítọ́pẹ́ ò gbọ́ ìyókù. Ó mọ ọ̀dà yẹn. Òun ni Ọláyọdé fi kun géètì ilé wọn, tó sì ní òun ti fi èyí tó ṣẹ́kù ta kápẹ́ńtà lọ́rẹ. Ó mọ amọ̀ pupa yẹn náà. Oṣooṣù ni Ọláyọdé ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn, tó ní apá Ekiadolor ni wọ́n ti ń ṣe é, oṣooṣù ló ń gbé ṣòkòtò alámọ̀ wálé. Ta ló ń fọ̀ ọ́? Èyítọ́pẹ́ náà ni. Á máa bó o, á máa bú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí ò lè wá ibi tó mọ́ ṣèpàdé. Háà! Amọ̀ orí sàréè ọmọ rẹ̀ ló ń dà sí gọ́tà.

Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù kan. "Ìdùnnú, màmá ẹ ti dé." Ẹkún tó ti ń retí látọjọ́ yìí ò wá. Inú ló ń bí i.

Nígbà tó délé, Ọláyọdé ń fi okùn di báàgì ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbé lọ níta. Dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ gbé e lọ Èkó ti dé.

"Nọ́ọ̀sì, níbo lo ti..." Ojú ẹ̀ bọ́ sórí bàtà ìyàwó rẹ̀, ó rí amọ̀ tó wà níbẹ̀.

"Bàbá Ìdùnnú," ni Èyítọ́pẹ́ wí, "ọmọ yín ní kí n kí yín."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Ìyá Ìdùnnú," ó ní. "Mo rò pé tó o bá mọ ibẹ̀, o ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́."

Èyítọ́pẹ́ wo báàgì. Aṣọ funfun tó fẹ́ fi gbẹ̀bí fún àwọn ọlọ́mọ ní Màláwì ló kún inú ẹ̀. Òótọ́ lọkọ rẹ̀ sọ. Ká ní ó mọ ibẹ̀ ni, kì bá tí forúkọ sílẹ̀ fún ibì kankan. Àwọn méjèèjì ni ì bá máa gbé amọ̀ wálé lóṣooṣù, kí wọ́n jọ máa fọ̀ ọ́.

"Madam, time dey go o!" ni dẹ́rẹ́bà kígbe.

Èyítọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn nílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ di báàgì náà.

"Ẹ má jẹ́ kí igbó hù níbẹ̀ o," ó ní.

Ó wọ mọ́tò, kò nu bàtà rẹ̀. Ọláyọdé ló ṣí géètì fún wọn.